Ajílẹ̀ Orí Fóònù: Bí Mo Ṣe Rí Ètò Ẹ̀dínwó Ọdún 2012

Kí ọdún 2012 tó dé, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀ tó sì ń pín in, díẹ̀ ló sì ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ètò tí Akinwumi Adesina gbé kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yí i padà: wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, òun náà á sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù láti gba àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó.

Mo gbóríyìn fún un, nítorí n kò bẹ alága kankan kí n tó rí tèmi gbà. Ṣùgbọ́n lóko wa, àfi kéèyàn gun òkè kí fóònù tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà mi fi wọlé, àgbàdo ti ga kọjá orúnkún, bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí a gbìn ín ló yẹ kó ti rí ajílẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún mi, àpò kan ṣoṣo ló kù, ọ̀rinrin sì ti sọ ọ́ di òkúta. (Ọmọ odó ni ìyàwó mi fi fọ́ ọ.)

Bí irú rẹ̀ bá tún dé, n ó forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n ó ti ra àpò kan pamọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.