Oṣù mẹ́rin tí àwa márùn-ún fi kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí Google Docs: àgbéyẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yábàá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, olùkọ́ wa pín kíláàsì wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún, ó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwádìí olójú-ewé 40 lórí ohun kan tó so Erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Mainland. Afárá ni àwa mú, láti orí afárá Carter tí wọ́n parí ní 1901 títí dé Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990. Bí a ó ṣe máa pàdé ló kọ́kọ́ di ìṣòro. Yábàá ni èmi ń gbé. Ọ̀kan nínú wa wà ní Bàrígà, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni karùn-ún sì ni àǹtí kan tó jù wá lọ dáadáa, tó ní ọkọ àti ọmọ, tó sì ń ta léèsì ní ọjà Balógun. Kí àǹtí tó palẹ̀ ọjà mọ́, kí ẹni Ìkòròdú tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Bí a ṣe pinnu nìyẹn pé orí Google Docs, ètò ìkọ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè jọ kọ ìwé kan náà, ni gbogbo iṣẹ́ náà yóò ti wáyé, láti orí gbólóhùn àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin la lò ó, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkàn mi gbé wọ inú iṣẹ́ náà. Ní ọdún tó ṣáájú, a ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù la ti ṣe é. Ẹnì kan á fi fáìlì ránṣẹ́, ẹlòmíràn á tún un ṣe, á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹnì kẹta tí kò rí àtúnṣe náà á tún èyí àkọ́kọ́ ṣe. Nígbà tó yá, fáìlì mẹ́sàn-án la ní, tí kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Nígbà tí ọjọ́ ìfijíṣẹ́ ku ọ̀la, èmi nìkan ló jókòó tì í mọ́jú. Orúkọ mẹ́fà ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, máàkì kan náà ni gbogbo wa sì gbà. Ó dùn mí dé egungun, kì í ṣe nítorí máàkì, bí kò ṣe nítorí pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀.

Google Docs kì í ṣe nǹkan tuntun. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Writely. Google rà á ní 2006, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ èyí tí a ń lò lónìí. Èrò náà tiẹ̀ ti wà ṣáájú ìyẹn: ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Douglas Engelbart, dúró níwájú àwọn èèyàn ní San Francisco, ó sì fi hàn wọ́n bí òun àti ẹlòmíràn tó wà ní ìlú mìíràn ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni ẹni tó bá ní àkáǹtì Google ń lò ó. Ààyè ìpamọ́ 15 GB ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Gmail àti Google Photos jọ ń pín nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí àwòrán ìgbéyàwó kún inú fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́sàn-án, ni àkókò tiwa. Bí mo bá ṣí ìwé náà, màá rí ìlà kékeré aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú nínú orí kejì, orúkọ ẹni Bàrígà yóò sì hàn lórí rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ osàn ti àǹtí yóò wà nísàlẹ̀, yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí ìka kan ṣoṣo ni àǹtí fi ń tẹ fóònù wọn. Yóò dúró. Yóò pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta rẹ́. Yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wò ó títí tí iṣẹ́ tèmi á fi dúró, torí pé mo ń rí bí èrò ṣe ń jáde lórí ẹlòmíràn, èyí tí n kò rí rí lára àwọn tí a jọ ń jókòó sí kíláàsì kan náà láti ọdún mẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àǹtí kọ ọ́ pé ní 1910 ni wọ́n parí afárá Carter. Ẹni Bàrígà kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ló kọ ọ̀rọ̀ sí: “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, níbo lẹ ti rí ọdún yìí?” Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí èsì fi dé: “O ṣé, àbúrò mi. 1901 ni mo fẹ́ kọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.” Àǹtí fúnra wọn ló tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa bí ojú irin àti afárá ṣe pàdé ní Ìdó. Ìpínrọ̀ yẹn ni olùkọ́ wa yìn jù lọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nínú Google Docs, ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà wọ inú ìwé: a lè fún un láṣẹ láti kà nìkan, láti sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí láti kọ ọ́. Ẹni tó ní àṣẹ láti kọ ọ́ náà tún lè yàn pé àbá ni òun fẹ́ dá. Bó bá ti yan ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó bá pa rẹ́ kò ní kúrò níbẹ̀. Ìlà á kàn gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ tuntun á sì dúró tì í ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, títí ẹni tó ní àṣẹ láti kọ ìwé náà yóò fi gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Fún àwa tí wọn kò tọ́ dàgbà láti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, n kò mọ ohun tó tún lè bá wa lára mu ju èyí lọ. Ọmọ ogún ọdún ṣàtúnṣe iṣẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ojú tì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọdé yóò gbà sọ ọgbọ́n tirẹ̀ láìfi àgbà wọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni a ti fi í ṣe òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, àbá ni kó dá.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo jí láàárọ̀, n kò bá orí kẹta mọ́. Ojú-ewé 14 lórí Eko Bridge, láti bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1965 títí di 1975 tí wọ́n parí rẹ̀, láti Ìjọ́ra dé Apọ́ngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Àyà mi já. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dára, nítorí pé ẹni Ìkòròdú àti ẹni Bàrígà ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí orí yẹn gan-an ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Mo ṣí ìtàn àtúnṣe ìwé náà, níbi tí gbogbo ìyípadà wà pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí. Láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni orí náà lọ, láti orí àkáǹtì ẹni Ìkòròdú. Mo pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ni. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá, ó fẹ́ da orí náà kọ sí ibòmíràn kó lè kà á lójú ọ̀nà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fọwọ́ kan fóònù lẹ́yìn tó ti yan gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Mo tẹ ìwé náà padà sí bó ṣe wà láago mẹ́fà, orí kẹta sì padà wá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ gbogbo. Bí kò bá sí ìtàn yẹn, ìjà ni ì bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ àjọṣe dáadáa. Nínú àáró, bí ẹgbẹ́ bá bọ́ sí oko ẹnì kan, olúkúlùkù ló ní poro tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi iṣẹ́ tàfàlà, poro rẹ̀ yóò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ohun tí mo wá nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá tí n kò rí nìyẹn. Google Docs fún mi ní poro padà. Nígbà tí a parí iṣẹ́, olùkọ́ wa ní ká fún òun láṣẹ kí òun lè rí ìtàn àtúnṣe, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀.

Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí ohun èlò yìí kò lè rí. Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò kọ ju ìpínrọ̀ mẹ́fà lọ. Àmọ́ òun ló fẹsẹ̀ rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Ìdó láti ya àwòrán, òun ló jókòó ti àwọn àgbàlagbà àdúgbò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin tó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tó mú wá ni èmi fi kọ ojú-ewé 11, orúkọ mi ló sì wà lórí gbogbo wọn nínú ìtàn náà. Máàkì rẹ̀ ló kéré jù. Èmi àti àǹtí lọ bá olùkọ́ wa, a sì ṣàlàyé. Ó gbọ́, ó sì tún máàkì náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni Bàrígà kò ṣe kọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko: ìtàn fi hàn pé kò sí níbẹ̀, kò fi hàn pé ó wà lórí àìsàn.

Ní ti owó dátà, ọ̀rọ̀ tí a bá ń kọ kì í jẹ ẹ́ púpọ̀; àwòrán ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ fi àwòrán sílẹ̀ di ìparí. Kí ẹ tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ ṣètò pé kí ìwé náà wà lórí fóònù yín láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti kọ ojú-ewé kan gbáko nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland, láàárín Òwòròǹṣòkí àti Adéníji Adélé, ó sì wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Fún àmì ohùn, àtẹ Yorùbá inú Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ni gbogbo wa lò. Iṣẹ́ tó ní àtẹ nọ́ńbà púpọ̀ kò rọrùn lórí fóònù. Ẹ wá kọ̀ǹpútà fún ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ línkì yín pẹ̀lú. Lẹ́yìn iṣẹ́ wa, a ṣí ìwé mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn náà lè bá wa dá sí, kí a jọ kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ. Èèyàn bí 30 ló wọlé, àríyànjiyàn lórí bóyá “kọ̀ǹpútà” ni ká kọ tàbí “ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá” sì gba ọjọ́ mẹ́ta, mo sì gbádùn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwa ni a ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní línkì láti kọ ohun tó wù ú, ní ọ̀sẹ̀ kejì sì ni ẹnì kan tí kò ní orúkọ wọlé tó fi èébú rọ́pò ọ̀rọ̀ bí ogún. A dá a padà, a sì yí àṣẹ náà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ nìkan fún ẹni tí a kò mọ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ tuntun ti dé ní sáà yìí, àwa márùn-ún náà la tún jọ wà. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, ṣáájú àkọlé, la fi ṣe ibi tí olúkúlùkù yóò ti kọ iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ àti ẹnu ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣe é. Ọ̀rẹ́ wa Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti kọ ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ síbẹ̀.