Ọ́fíìsì tí fèrèsé ẹ̀ ṣeé ṣí àbí onígíláàsì tí wọ́n dé pa, èwo ni ká mú?

Ká kọ́kọ́ sọ ti owó iná. Onígíláàsì tí fèrèsé ẹ̀ ò ṣeé ṣí, oòrùn á gba inú gíláàsì wọlé, ooru á há síbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù á wá máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, owó iná á sì máa gòkè. Onífèrèsé ò náni tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé náà ò gbọdọ̀ fẹ̀ jù: tí àjà bá ga ní mítà 3, tí fèrèsé wà lọ́tùn-ún lósì, ó ṣòro kí atẹ́gùn fẹ́ dáadáa kọjá bíi mítà 15.

Ti òṣìṣẹ́ gan-an ló ká mi lára. Ẹni tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí fèrèsé máa ń fara da ooru ju ẹni tí wọ́n bá yan bí yàrá ṣe máa tutù tó lọ, torí lábẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn, ẹnì kan á wọ súẹ́tà, ẹnì kejì á máa làágùn.

Ariwo àti eruku ńkọ́? Ibẹ̀ ni onígíláàsì ti borí.

Nítorí náà, tí títì ńlá bá wà nítòsí, ẹ mú onígíláàsì, àmọ́ ẹ fi ìbòòji sí ìta gíláàsì, torí ooru á ti wọlé kí kọ́tìnì inú tó dá a dúró. Tí àdúgbò bá dákẹ́ tí ilé ò sì fẹ̀, fèrèsé tó ṣeé ṣí ni kẹ́ ẹ mú.