Àwòrán Jeeves nínú magasíìnì àtijọ́: ṣé ti Strand ni kẹ́ ẹ rà ni, àbí ti Amẹ́ríkà?

Ẹni tó bá ti ka ìtàn Jeeves àti Bertie Wooster tí P. G. Wodehouse kọ mọ̀ pé Jeeves tó jẹ́ ìránṣẹ́ ló gbọ́n níbẹ̀, Bertie ọ̀gá rẹ̀ ló gọ̀. Kí wọ́n tó di ìwé, inú magasíìnì ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ jáde, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, magasíìnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ayàwòrán tirẹ̀. Torí náà, ẹ mọ ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

The Strand ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Alfred Leete ló ya Jeeves síbẹ̀ ní 1916. Òun náà ló ya Kitchener, mínísítà ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń nàka sáwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1914 pé kí wọ́n wá jagun. Nígbà tó fi di 1922, A. Wallis Mills ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Tiẹ̀ lèmi fẹ́ràn jù, torí ìtàn márùn-ún ló tẹ̀ léra wọn láti oṣù kejì sí oṣù kẹfà ọdún náà. Ti oṣù kẹfà ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí àlùfáà tí ìwàásù rẹ̀ máa pẹ́ jù. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìwàásù oníwákàtí méjì rí, ẹ̀rín á pa á.

Ní Amẹ́ríkà, The Saturday Evening Post ló kọ́kọ́ gbé Jeeves jáde ní 18 oṣù kẹsàn-án 1915. Ojú ìwé rẹ̀ fẹ̀ gan-an, bí ínǹṣì 11 sí 14, ó wuyì lára ògiri ju Strand kékeré lọ. Ṣùgbọ́n etí ìwé náà máa ń gbó, á máa rún sílẹ̀. Cosmopolitan ní tiẹ̀ gba James Montgomery Flagg nígbà tó ku díẹ̀ kí 1930 wọlé. Flagg yìí ló ya Uncle Sam, bàbá arúgbó tó dúró fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń nàka pé kí wọ́n wá wọṣẹ́ ológun! Ẹ wá wò ó: àwọn méjèèjì tó ya àwòrán tí wọ́n fi ń pe èèyàn sógun ló tún ya Jeeves.

Strand tí wọ́n dì pọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló jẹ́ ọ̀pọ̀ fún ẹni tó ń wá àwòrán. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn tó ń di ìwé sábà máa ń já èèpo àti ìpolówó ọjà dànù. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́, ẹ wá ẹyọ kan tó pé.

Ojú ìwé tí wọ́n gé sínú férémù ni mi ò fọwọ́ sí. Abẹ́ àwòrán ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ látinú ìtàn sí. Bí férémù bá ti jẹ ẹ́, àwàdà ti lọ. Mo ra ọ̀kan báyìí rí. Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, funfun báláú ni, kò sí lẹ́tà kan. Ojúlówó ojú ìwé máa ń ní ìtàn lẹ́yìn. Ẹ tún fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: àmì dúdú tín-ín-tìn-ìn-tín ló máa ń tò geere lára àwòrán Strand. Bẹ́ ẹ bá rí àmì pupa, búlúù àti yẹ́lò, inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ti jáde.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ sókè sódò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ míì.