Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta rọ́bà ìbòrí tábìlì: ẹ ní kí wọ́n ká a kúrò kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí àwọn ọmọ yín ń jẹun, tí wọ́n ń yàwòrán, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì onígi lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ tó sanwó fún rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọ́n ń polówó káàkiri yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kò dáa o. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì ti wọ inú ọjà yìí, ohun tí wọ́n ní ó máa dáàbò bo tábìlì gan-an ló ń bà á jẹ́.

Nínú fídíò wọn, ẹ máa rí i tí wọ́n gbé ìkòkò gbígbóná lé rọ́bà náà, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha á, tí wọ́n da omi aláwọ̀ sí i, tí wọ́n sì nù ún nù. Rọ́bà kò yọ́, kò ya. Ó parí. Ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ká a kúrò kí wọ́n fi ojú igi tó wà lábẹ́ ẹ̀ hàn yín láé. Ìkòkò ọ̀hún kì í sì í pẹ́ lórí ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Ooru tó bá dúró dáadáa máa ń la rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, á fi àmì funfun sára fáníìṣì.

Èyí tó burú jù ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. PVC, ìyẹn irú ike kan, ni púpọ̀ nínú àwọn rọ́bà rírọ̀ yìí. PVC fúnra ẹ̀ le gbagidi. Kẹ́míkà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó tó rọ̀, kẹ́míkà náà kì í sì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sun jáde, tó ń wọ inú fáníìṣì, pàápàá èyí tí wọ́n fi nitrocellulose ṣe, ìyẹn èròjà kan tó máa ń wà nínú fáníìṣì tó ń tètè gbẹ. Fáníìṣì á wá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà.

Ó ṣẹlẹ̀ sí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n fẹ́ ká rọ́bà náà kí wọ́n nu abẹ́ ẹ̀, kò ká. Bí wọ́n ṣe ń fà á ló ń bó fáníìṣì lọ. Ibi tí àwọn ọmọ ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ló bàjẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó ní àwọn ọmọ ló da omi sí i. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe rọ́bà náà gan-an. Láti ìgbà yẹn, ìpè wọn kò wọlé sí i mọ́. Inú bí mi gidigidi.

Ẹ má gbójú lé ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn oníbàárà fún wọn. Òótọ́ lè ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ọjà dé ọwọ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́. Ìbàjẹ́ yìí lè gba oṣù mélòó kan kó tó hàn, àsìkò tí èèyàn lè dá ọjà padà á sì ti kọjá.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ẹ̀ pé kò lè pa ọmọ lára, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀. DEHP wà lára àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú PVC rọ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2008 kò gbà kó ju 0.1% lọ nínú ohun ìṣeré ọmọdé, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ tó ń gbẹ́nu lé etí tábìlì kò mọ̀ pé ìbòrí tábìlì kì í ṣe ohun ìṣeré.

Àwọn kan tún ń ta ìda oyin inú agolo pé ó ń gba igi lọ́wọ́ ooru. Irọ́ ni. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bíi 62 sí 64°C, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sì gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rọ́bà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi polypropylene tàbí polyethylene ṣe, ìyẹn oríṣi ike méjì mìíràn, torí àwọn yẹn kì í sábà nílò kẹ́míkà tó ń mú ike rọ̀. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi sí kọ̀rọ̀ kan lórí tábìlì, kẹ́ ẹ gbé ìwé wúwo lé e fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tí ojú fáníìṣì bá ṣú, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ jù ú nù. Aṣọ tó nípọn tẹ́ ẹ lè ká kúrò lálaalẹ́ tún sàn, torí omi kì í há sábẹ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kun tábìlì náà ni, ẹ jẹ́ kó tó oṣù kan kẹ́ ẹ tó bo ohunkóhun lé e. Kó gbẹ lójú kò ní kó gbẹ dénú.

Ẹ̀yin tí tiyín ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ẹ rọra máa ká a padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rọ́bà náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Ẹni tó tà á lè sọ pé òun ní òróró tó ń pa àbàwọ́n náà rẹ́. Ẹ má rà á. Káfíńtà tó mọ̀ nípa fáníìṣì ni kẹ́ ẹ lọ fi hàn.