Ọwọ́ Gbọọrọ, Labalábá àbí Ìwo Àgbò: Èwo Ló Yẹ Kẹ̀kẹ́ Ìrìnàjò Yín?

Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì, tí àtẹ́lẹwọ́ yín kú tipiri kí ẹ tó débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìjókòó. Bí imú rẹ̀ bá rọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo ara ló ń rọ́ lé ọwọ́. Ẹ gbé e tẹ́jú. Kò gba kọ́bọ̀. Bí kò bá tán síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ gbọọrọ (flat bar), irin tó tọ́ lásán, kò fúnni ju ibì kan dì mú lọ.

Irú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjì mìíràn wà. Labalábá (butterfly bar) ká yípo bí ìyẹ́ méjì, ó sì ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gùn ún. Ìwo àgbò (drop bar) ni ti àwọn asáré ìdíje, èyí tó tẹ̀ wálẹ̀.

Owó irin náà kọ́ ni ìnáwó gan-an, ohun tó máa so mọ́ ọn ni. Níbi tí lífà bíréékì àti jíà ti ń wọ̀, ọwọ́ gbọọrọ àti labalábá jẹ́ 22.2 mm, ìwo àgbò jẹ́ 23.8 mm. Ìyẹn ni pé lífà àti jíà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ á wọ labalábá wẹ́rẹ́. Wáyà tó gùn díẹ̀ sí i àti téèpù tí wọ́n ń wé mọ́ ọwọ́ ló kù. Ẹ ra téèpù páálí méjì, ẹyọ kan kì í ká a.

Ìwo àgbò gba lífà tuntun, jíà tuntun, wáyà tuntun, àti ọrùn (stem, irin tó di ọwọ́ mú mọ́ kẹ̀kẹ́) tó kúrú sí i lọ́pọ̀ ìgbà, torí ó na ọwọ́ síwájú tó 70 sí 85 mm. Ibi tó ti ń dani láàmú jù ni bíréékì apá gígùn tí wọ́n ń pè ní V-brake. Wáyà púpọ̀ ló fẹ́ kí lífà fà. Lífà ìwo àgbò lásán kì í fà tó bẹ́ẹ̀, lífà á ti kan irin kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Lífà Tektro RL520 ni wọ́n ṣe fún irú bíréékì yìí. Bó bá jẹ́ bíréékì elépo (hydraulic), tí kò ní wáyà, ẹ fi ìwo àgbò sílẹ̀ àyàfi tówó bá pọ̀ lọ́wọ́.

Ní Èkó, fífẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọwọ́ gbọọrọ tó fẹ̀ tó 700 mm á máa fẹ́ gbá dígí dánfó ní Ojúẹlẹ́gba; ìwo àgbò 420 mm á yọ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ́ kéèyàn tẹ̀ ba nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà bá kojú ẹni lórí Eko Bridge. Labalábá kì í lọ sílẹ̀ tó yẹn, ibi tó jìnnà jù lórí rẹ̀ sì jìnnà sí bíréékì: láàárín ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ kúrò nídìí lífà.

Tiwa ni pé labalábá ló yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kẹ̀kẹ́ wọn ti ní ọwọ́ gbọọrọ tẹ́lẹ̀. Férémù irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gùn, ìwo àgbò á wá jẹ́ kẹ́ ẹ nà tantan lórí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi kálípà wọn bí àárín irin, níbi tí ọrùn ti dì í mú, ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ labalábá jẹ́ 25.4 mm, ọrùn òde òní jẹ́ 31.8, búùṣì tí wọ́n ṣe fún un ló ń dí àlàfo náà. Ìwo àgbò àtijọ́ jẹ́ 26.0, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 25.4. Bí wọ́n bá ní àwọn á gé agolo mílíìkì fi há a, ẹ kọ̀ jálẹ̀: kòtò kan ṣoṣo lè yí i.

Tókúńbọ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n tú téèpù. Òógùn àti afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ alumíníọ̀mù lábẹ́ ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun àti ihò wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Èyí tó ti wọ́ rí, tí wọ́n tẹ̀ padà, lè kán lójijì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é, ẹ máa yí bọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀ lọ́nà àgbélébùú, kí àlàfo méjèèjì, tòkè àti tìsàlẹ̀ níbi ìdérí ọrùn, dọ́gba. 5 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bọ́ọ̀tì) ni ọ̀pọ̀ ọrùn ń gbà, ẹ wo èyí tí wọ́n kọ sára tiyín. Ẹ má fi páìpù wáyà jíà ṣe ti bíréékì, ó lè bẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọwọ́ sósì dópin, ẹ yí i sọ́tùn-ún dópin. Bí wáyà kankan bá le gan-an, ó ti kúrú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wé téèpù.