Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo ń lọ ní Under-G, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rí jiyàn nípa ọwọ́ ẹ̀yìn Arsenal

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti Tákíè títí dé Adénìkẹ́, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sí lára. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò wà ní Under-G, ní òpópónà kejì sí títì, gbọ̀ngàn onípáànù gígùn kan tí wọ́n kùn ní búlúù. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo Arsenal, ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń ṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2025/26, mo sì ti wò wọ́n ní ibi púpọ̀ ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe tẹlifíṣàn ló mú mi jókòó ti ibẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ níbẹ̀ pé ọwọ́ ẹ̀yìn wa, ìyẹn àwọn tó ń dènà góòlù, ti bàjẹ́, wọ́n á ní kó wá fi hàn, wọ́n á dá góòlù náà padà, gbogbo ilé á sì jọ wò ó.

Alága, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹni tó ni ibẹ̀, ní dekódà tó ń gba eré sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Níbòmíràn, bí rẹfirí bá ti fẹ́ fèrè ìparí báyìí, wọn á ti pa tẹlifíṣàn, wọn á ní kí ẹ dìde. Alága kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ti sí eré mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń fún wa ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ á sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n dá padà, Alága á dá a padà, á sì dá a dúró síbi tí wọ́n bá ní kó dá a dúró. Bọ́ọ̀dù kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn ńlá náà, tí bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé wá láti ilé rẹ̀. Tísà la ń pe bàbá náà. Orí bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n ti ń ya ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan dúró sí, mi ò sì tíì rí irú rẹ̀ ní ilé ìwòran mìíràn nílùú yìí.

₦300 ni owó ìwọlé, ₦500 tó bá jẹ́ eré ńlá. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju ti àwọn tó yí i ká lọ, ṣùgbọ́n iná kì í lọ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ìwòran ń fi ìbẹ̀rù tàn. Mo ti wà níbì kan tí epo ti tán nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, tí a wá ń bi ara wa lórí fóònù pé mélòó ni wọ́n gbá. Sólà àti ínfátà ni Alága ń lò, kò sì sí ariwo ẹ̀rọ tí yóò bo ohùn àwọn tó ń jiyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré Chelsea ti ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kọkànlá 2025, ṣe àpẹẹrẹ, torí ọjọ́ yẹn ni mo gbádùn owó tí mo san jù. Gabriel Magalhães, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń dí àárín ẹ̀yìn wa, ti fara pa lọ́dọ̀ Brazil nígbà tí wọ́n bá Senegal gbá ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní London ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Nígbà tí ọjọ́ Chelsea fi máa pé, William Saliba, ẹnìkejì rẹ̀, náà kò sí. Cristhian Mosquera, tí wọ́n rà ní Valencia, àti Piero Hincapié, tí wọ́n yá láti Leverkusen, ni Mikel Arteta, kóòṣì wa, tò sí àárín ẹ̀yìn. Ariwo ti sọ ní Under-G kí bọ́ọ̀lù tó yí rárá. Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí tí Moisés Caicedo ti Chelsea fi gba káàdì pupa, gbogbo ilé hó yèè, a rò pé ó ti bọ́ sí i fún wa. Àfi bí ìdajì kejì ṣe bẹ̀rẹ̀ tí Reece James gbá kọ́nà, tí Trevoh Chalobah sì fi orí kàn án sáwọ̀n. Mikel Merino dá a padà fún wa. Ọ̀mì, 1-1, níwájú Chelsea tó ku èèyàn 10.

Ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kan ló kọ́kọ́ dìde. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń fi ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni. Ó ní kí Alága dá kọ́nà náà padà, kó dá a dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ti fẹ́ balẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Tí Gabriel bá wà níbẹ̀ yẹn, orí ta ni bọ́ọ̀lù yẹn máa kọ́kọ́ bà? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn ní 2023." Ó wá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáà 2022/23 fún wa: Saliba fara pa nínú eré Sporting Lisbon ní oṣù Kẹta, nígbà tó di oṣù Kẹrin a gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Liverpool, 2-2 pẹ̀lú West Ham, 3-3 pẹ̀lú Southampton, Manchester City sì wá nà wá ní 4-1. Góòlù 43 ló wọlé wa ní líìgì sáà yẹn. Ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Àǹtí Télọ̀ kò jẹ́ kó jókòó tán. Obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lẹ́yìn ilé ìwòran náà, mi ò sì mọ ẹni tó ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń wò wọ́n. "Àbúrò mi, má fi 2023 wé èyí. Rob Holding ló kù wá kù nígbà yẹn. Lónìí, àwọn méjì tó gbá eré yìí, ẹgbẹ́ mìíràn á gbé wọn sí ipò àkọ́kọ́. Jurriën Timber ń bẹ lápá ọ̀tún. Kọ́nà ló sì wọlé yẹn, bọ́ọ̀lù tó dúró sójú kan. Fi ibi tí ẹnikẹ́ni ti gba àárín Mosquera àti Hincapié kọjá hàn mí." Wọ́n dá eré padà, wọ́n tún dá a padà, ọmọ LAUTECH náà kò sì rí èyí tó tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò gbà.

Ìgbà náà ni Tísà gba ṣọ́ọ̀kì. Kò sọ nǹkan kan. Ó kọ Arsenal sápá òsì, Manchester United sápá ọ̀tún, ó kọ 1998/99 sókè, ó wá kọ 17 sábẹ́ tiwa, 37 sábẹ́ tiwọn. "Góòlù tó wọlé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyí. Èwo ló gba líìgì nínú wọn?" Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ pariwo pé Arsenal. Ó mi orí, ó kọ 78 àti 79 sí ìsàlẹ̀. Pọ́ìntì kan ṣoṣo. David Seaman ló ń ṣọ́lé, Tony Adams, Martin Keown, Lee Dixon àti Nigel Winterburn ló ń dí ẹ̀yìn, Kanu Nwankwo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Inter Milan lọ́dún 1999 yẹn, síbẹ̀ àwọn tí góòlù 37 wọlé wọn ló gbé ife lọ. Bàbá tún kọ iye tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbá wọlé: 59 fún wa, 80 fún wọn.

Mo ti wo bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, n ò rí i kí nọ́ńbà mẹ́fà lórí bọ́ọ̀dù pa ẹnu gbogbo ilé mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Tísà wá ní kí a wo sáà 2003/04 tí ẹnikẹ́ni ò nà wá: góòlù 26 wọlé wa, èyí tó ju 17 lọ, ṣùgbọ́n a gbá 73. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé sáà 2024/25. Góòlù 34 péré ló wọlé wa, kò sí ẹgbẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì, ṣùgbọ́n ọ̀mì 14 la gbá. Liverpool gbá 86, àwa gbá 69, wọ́n sì fi pọ́ìntì 84 gbé ife lọ, nígbà tí àwa ní 74. "Ẹ fi ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀," ó ní, "Viktor Gyökeres, ẹni iwájú wa, ni kí ẹ bá mi gbàdúrà fún."

Èmi náà sọ tèmi, mo sì dúró lórí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Òótọ́ ni Tísà sọ, ṣùgbọ́n ó pín ẹ̀yìn àti iwájú níyà jù. Gabriel ò ṣọ́ ẹ̀yìn nìkan. Láti ìgbà tí Nicolas Jover ti dé ní 2021 láti máa kọ́ wọn ní kọ́nà àti fìríkíìkì, orí Gabriel ti di ọ̀kan nínú ibi tí góòlù wa ti ń wá. Ta ló fi orí kan góòlù tó fún wa ní 2-1 nílé Newcastle ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àsìkò ti tán? Nítorí náà, bí kò bá sí, iwájú ni yóò kọ́kọ́ dùn wá, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ní ti ẹ̀yìn, ẹ rántí Sunderland. Eré mẹ́jọ ni a ti gbá tẹ̀léra láìjẹ́ kí góòlù kankan wọlé, gbogbo oṣù Kẹwàá wà nínú rẹ̀, kí a tó lọ síbẹ̀. Saliba àti Gabriel wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ Dan Ballard, ọmọ tí Arsenal fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà, gbá ọ̀kan wọlé, Brian Brobbey sì gbá ìkejì wọlé nígbà tó ti bọ́ sí àfikún àsìkò. Àwọn méjèèjì kọ́ ni ògiri náà. Declan Rice àti Martín Zubimendi tó ń dènà lójú ọ̀nà, àti àwọn ará iwájú tó ń lé bọ́ọ̀lù padà, ni kò jẹ́ kí ìjà dé ọ̀dọ̀ David Raya, aṣọ́lé wa, púpọ̀.

Lẹ́yìn eré Chelsea yẹn, eré 13 la ti gbá ní líìgì sáà 2025/26. Góòlù 7 ló ti wọlé wa nígbà náà, pọ́ìntì wa jẹ́ 30, Manchester City tó tẹ̀ lé wa ní 25. Ipò kejì la wà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra ṣáájú sáà náà, mo mọ bó ṣe máa ń dun èèyàn nínú oṣù Karùn-ún. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn lọ́jọ́ náà pé ife sáà yẹn ń bọ̀, bí Rice àti Timber bá lè wà lórí ẹsẹ̀ wọn, tí Saliba sì tètè padà. Ọmọ LAUTECH kò gbà fún mi. Àǹtí Télọ̀ gbà fún mi ní ìdajì: ó ní Riccardo Calafiori ń sáré kúrò lápá òsì jù, pé ẹgbẹ́ kan á fi ibẹ̀ jẹ wá níyà lọ́jọ́ kan. Mo ti ń ṣọ́ apá òsì yẹn láti ọjọ́ náà.

Ilé ìwòran náà ní àléébù, mi ò ní fi pamọ́. Ooru ibẹ̀ pọ̀. Páànù tí kò ní àjà lókè, fáànù mẹ́rin péré, èèyàn kún bámú: tí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, aṣọ á rin gbingbin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, àwọn obìnrin sì ń lọ ya ilé aládùúgbò. Èyí burú, mo sì ti sọ fún Alága lójú ara rẹ̀, torí pé bí àwọn bíi Àǹtí Télọ̀ bá ṣíwọ́ wíwá, àríyànjiyàn ibẹ̀ á di ariwo lásán. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ náà ń dà wá láàmú: ẹni tó ta á pé góòlù mẹ́ta ló máa wọlé kò bìkítà fún ọwọ́ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni, igbe lásán ló ń ké títí ìparí. Ó yẹ kí wọ́n ní igun tiwọn lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Alága ṣe. Ìpínlẹ̀ tí a wà yìí ló ni Shooting Stars, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà, ní 1976. Nígbàkúùgbà tí eré wọn bá wà lórí tẹlifíṣàn, kó gbé e sí ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣàn kéékèèké ẹ̀gbẹ́. Tísà á rí nǹkan yà sórí bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọdé náà á sì mọ̀ pé a ní ọwọ́ ẹ̀yìn tiwa tó yẹ ká máa jiyàn lé lórí.

Ní gbogbo rẹ̀, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ibẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ooru ló mú ìkarùn-ún lọ. Tí eré bá jẹ́ ti aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ẹ dé kó tó di aago mẹ́jọ, kí ẹ lè rí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ sì jókòó sápá ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá jókòó sápá ẹnu ọ̀nà kò ní rí ohun tí Tísà ń kọ.