Ọkọ̀ àfọwọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Caterham, Exocet àbí Locost?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ọba, tí ọkàn yín ń fà sí ọkọ̀ eré kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ẹ má tíì wo iye tí wọ́n ń ta kíìtì, ìyẹn àkójọ páàtì tí wọ́n fi ń tò ó. Ẹ kọ́kọ́ wo irú nọ́ńbà tí DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, máa fún ọkọ̀ náà, àti bó ṣe máa la IVA já, ìyẹn ìdánwò tí DVSA, àjọ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa ń ṣe fún un kó tó lè wọ títì. Ibẹ̀ lowó ti ń yọ́ lọ lápò.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Caterham Seven ló rọrùn jù láti tò, òun náà ló sì wọ́n jù. Ọdún 1973 ni ilé iṣẹ́ Caterham ti gba iṣẹ́ Seven lọ́wọ́ Lotus tó kọ́kọ́ ń ṣe é, wọ́n ti mọwọ́ ẹ̀. Kò sí pé à ń jó irin. Sípánà àti sùúrù ti tó. Bí gbogbo páàtì bá jẹ́ tuntun gbáko, nọ́ńbà tuntun lẹ máa gbà, ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Páàtì kan ṣoṣo ni òfin gbà kó jẹ́ àtúnṣe, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ dà bíi tuntun. Ẹni tó bá ki ẹ́ńjìnnì àti jíà àlòkù bọ̀ ọ́ kí owó lè dín kù, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ta nọ́ńbà tuntun nù.

Exocet ti ilé iṣẹ́ MEV lèmi fẹ́ràn jù. Mazda MX-5 àlòkù kan lẹ máa rà, ẹ ó tú ẹ́ńjìnnì, jíà, sítírìn àtàwọn irin tó gbé táyà dúró, ẹ ó sì dè wọ́n mọ́ férémù tuntun. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni ìpẹtà ti máa ń jẹ MX-5 àtijọ́. Èyí tó ti jẹrà débi pé kò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún, mọ́, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, òun gan-an lẹ ń wá, torí ara rẹ̀ kò wúlò fún yín. Ẹ ta ilẹ̀kùn àti òrùlé rẹ̀, owó díẹ̀ á padà wálé. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bí férémù bá ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kíìtì wá, tí páàtì ńlá méjì ó kéré tán sì ti ara ọkọ̀ kan náà wá, nọ́ńbà tó bá ọjọ́ orí Mazda yẹn mu ni wọ́n máa fún un.

Locost ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gé irin, tẹ́ ẹ máa jó o. Irin ò wọ́n, àmọ́ kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn férémù yẹn, nítorí náà nọ́ńbà Q ló sábà máa ń já sí: ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ọkọ̀ kò dáni lójú. Ẹ ò lè fi nọ́ńbà àdáni rọ́pò Q, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á fi ná an wálẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ irin jó, ẹ fi í sílẹ̀.

£450 ni owó IVA fún ọkọ̀ àfọwọ́tò, £90 sì ni bí ẹ bá ní láti padà wá. Ọkọ̀ tí ẹ sanwó fún gáréèjì láti tò kò sí lára àwọn tí ètò yìí wà fún o. Etí irin tó mú ló ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀. Olùyẹ̀wò á gbé bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó mìlímítà 100 kiri ara ọkọ̀; etí èyíkéyìí tó bá kàn gbọ́dọ̀ yí róbótó, kí rédíọ̀sì rẹ̀ tó mìlímítà 2.5 ó kéré tán. Orí bóòtù (bolt) tó yọ síta ń fẹ́ fìlà rọ́bà. Ojúṣe yìí pọ̀ lórí Exocet, torí ìta gbangba ni férémù rẹ̀ wà. Ti Caterham, wọ́n máa ń bá oníbàárà yẹ ọkọ̀ wò kó tó lọ síbẹ̀. Ẹ wo sítírìn náà: bí ẹ bá yí i tán tí ẹ jù ú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa fẹ́ padà sáàárín. Mítà eré kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ ń rọra lọ nígbà tí ẹ ń sáré.

Òfin gbà kí ẹ wa ọkọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà lọ síbi ìdánwò tí ẹ ti gba ọjọ́ sí, bó bá ṣáà ti ní ìnṣọ́ránsì. Ṣùgbọ́n fún Locost, ẹ wá tírélà.